Ohun Tí Ọmọ Bísínẹ́ẹ̀sì Ń Ṣe Lẹ́yìn Ìwé: Àkọsílẹ̀ Ìwádìí ní Pólì Kan ní Iléṣà

Pólì aládàáni ni ilé ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Kò tóbi, Iléṣà ló sì wà. N kò ní dárúkọ rẹ̀, torí àwọn tó gbé iṣẹ́ náà fún mi kò fẹ́ bẹ́ẹ̀, ohun tí mo bá níbẹ̀ kò sì jọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo. Ẹ̀ka ìmọ̀ okòwò ni akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí jù níbẹ̀. Ọdún méjì ni wọ́n fi ń gba ND, wọ́n á lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ níta, wọ́n á tún padà wá fi ọdún méjì gba HND. Owó ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọmọ ẹ̀ka yìí ló ń san owó oṣù àwọn olùkọ́ ẹ̀ka yòókù, ìdí nìyẹn tí ara ìgbìmọ̀ tó ń darí pólì náà fi gbọ̀n nígbà tí ọ̀rọ̀ dé ọ̀dọ̀ wọn.

Ẹnu ìyá kan nínú ìgbìmọ̀ ni ọ̀rọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Aláṣọ ni, ó ní ṣọ́ọ̀bù ńlá nítòsí ọjà Àtàkúǹmọ̀sà. Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀gá àgbà ń ka ìròyìn pé gbogbo àwọn tó jáde ní ẹ̀ka okòwò fẹ́rẹ̀ẹ́ ti ríṣẹ́ tán. Ìyá yìí jẹ́ kó kà á dé òpin. Ó wá ní, "Ọ̀gá, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi jáde lọ́dọ̀ yín, ó gba HND. Ọdún kan ló lò lọ́dọ̀ mi. N kò ní kó wá ta aṣọ o. Mo ní kó bá mi ṣírò iye tí mò ń jẹ lérè lórí léèsì àti lórí àǹkàrá, kí n mọ èyí tí n ó dín kù. Kò rí i ṣe. Òyìnbó kan tó ní ìlànà mẹ́rìnlá ló ń sọ fún mi."

Henri Fayol ni òyìnbó náà. Ẹ̀ńjíníà ará Faransé ni, iléeṣẹ́ ìwakùsà ló darí, 1916 ló sì gbé ìlànà mẹ́rìnlá nípa ìṣàkóso jáde. Kò sí ọmọ bísínẹ́ẹ̀sì kan ní Nàìjíríà tí kò lè ka ọ̀pọ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá fún yín lórí. Ìgbìmọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ọ̀gá àgbà kò rẹ́rìn-ín. Ó fèsì pé NBTE, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń mójú tó àwọn pólì láti 1977, ti fọwọ́ sí ẹ̀ka náà. Ìyá ní òun kò bá NBTE jà, ohun tí òun bi kọ́ nìyẹn.

Òótọ́ ló sọ. Àwọn tó ń wá fọwọ́ sí ẹ̀ka máa ń wo bóyá olùkọ́ pé, bóyá ìwé wọn kún ojú òṣùwọ̀n, bóyá ilé ìkàwé wà, bóyá yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ àti kọ̀ǹpútà bá iye akẹ́kọ̀ọ́ mu. Ohun tó wọlé ni wọ́n ń wọ̀n, wọ́n sì ń wọ̀n ọ́n dáadáa. Ohun tí ọmọ lè fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe nígbà tó bá jáde, ìyẹn tún jẹ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, ẹni tó bá sì fi èkínní dáhùn ìkejì kò tíì dáhùn.

Bí wọ́n ṣe pè mí nìyẹn. Ìwé ìṣirò àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àti iléeṣẹ́ kéékèèké ni mo ń yẹ̀ wò ní Iléṣà, n kò sì ní nǹkan pọ̀ mọ́ pólì náà. Iṣẹ́ tí wọ́n fún mi ṣe tààrà lẹ́nu: kí n wádìí bóyá ẹ̀ka okòwò ń múra ọmọ sílẹ̀ fún iṣẹ́.

Orí ìwé ìpolówó wọn ni mo ti bẹ̀rẹ̀. Wọ́n kọ ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún gàdàgbà sójú ewé àkọ́kọ́, pé ìyẹn ló ti ríṣẹ́. Mo béèrè bí wọ́n ṣe rí i. Akọ̀wé ẹ̀ka náà kò fi nǹkan kan pamọ́ fún mi, kí Ọlọ́run bù kún un. Ó ní àwọn fi ìbéèrè sórí WhatsApp àwọn tó ti jáde, àwọn ka àwọn tó dáhùn, àwọn ka iye tó ní òun ń ṣiṣẹ́ nínú wọn, àwọn sì ṣírò rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi àpẹẹrẹ lásán wo ohun tí wọ́n ṣe. Ká sọ pé ọmọ 100 ló jáde. Ọmọ 40 dáhùn, 30 nínú wọn ní àwọn ti ríṣẹ́. Ilé ẹ̀kọ́ á kọ 75 nínú 100 sínú ìwé. Ṣùgbọ́n ọmọ 60 wà níta tí ẹnikẹ́ni kò gbọ́ ohùn wọn. Bí kò bá sí ẹyọ kan tó ríṣẹ́ nínú wọn, 30 péré ló ríṣẹ́ nínú 100. Bí gbogbo wọn bá ti ríṣẹ́, wọ́n di 90. Àárín 30 sí 90 ni òótọ́ fara pamọ́ sí, òbí wo ló sì lè fi ìyẹn pinnu ibi tí ọmọ rẹ̀ yóò lọ? Àwọn tó dákẹ́ kò sì dákẹ́ lásán. Ẹni tó ríṣẹ́ báǹkì kì í pẹ́ dáhùn. Ẹni tó ń jókòó sílé ti kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp yẹn tipẹ́, ó sá fún fọ́tò mọ́tò tuntun àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀.

Ó tún kù. Wọ́n ka àwọn àgùnbánirọ̀ mọ́ àwọn tó ríṣẹ́. Ẹni tó gba HND ń lọ sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún kan bí kò bá tíì lé ní ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó gba ND nìkan kì í lọ. Láti oṣù kẹta 2025 ni ìjọba ti bẹ̀rẹ̀ sí í san 77,000 náírà lóṣù fún àgùnbánirọ̀, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lófin jẹ́ 70,000. Bí ọmọ bá wá sọ pé òun ti ríṣẹ́, ta ni yóò bá a wí? Ṣùgbọ́n ìjọba ló gbé e lọ síbẹ̀, kì í ṣe ohun tí pólì kọ́ ọ, iṣẹ́ náà á sì tán lọ́jọ́ tí ọdún bá pé. Wọ́n tún ka gbogbo ẹni tó bá kọ "mo dá dúró" mọ́ oníṣẹ́. Nínú àwọn wọ̀nyẹn ni ẹni tó ní ṣọ́ọ̀bù méjì wà, àti ẹni tó ń bá àbúrò ìyá rẹ̀ jókòó ti POS lọ́jọ́ tí àbúrò ìyá rẹ̀ bá lọ òde ìnáwó.

Mo sọ fún ìgbìmọ̀ pé a kò ní lo nọ́ńbà yẹn. A mú ọ̀wọ́ ọmọ HND kan ṣoṣo, àwọn tó ti jáde tó sì ti sìnrú ìlú tán, a sì wá wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹni tó fẹ́ ká rí òun àti ẹni tí kò fẹ́. Fáìlì ìgbàwọlé ló ràn wá lọ́wọ́ jù. Ọ̀pọ̀ nọ́ńbà fóònù ọmọ kò lọ mọ́, ṣùgbọ́n àdírẹ́sì ilé bàbá kì í yẹ̀ bọ̀rọ̀ ní Iléṣà: ẹ bá dé Ìsọ̀nà tàbí àdúgbò mìíràn, kí ẹ dárúkọ ìdílé, ẹnìkan á mú yín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn ìyá ló so wá pọ̀ mọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú àwọn ọmọ. A kò rí gbogbo wọn, àmọ́ àwọn tí a kò rí kéré tó bẹ́ẹ̀ tí wọn kò lè yí ìdájọ́ padà.

N kò bi ẹnikẹ́ni pé, "Ṣé ẹ̀kọ́ yín wúlò?" Ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa kì í bú ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ lójú àlejò. Mo bi wọ́n pé: kí lo ṣe níbi iṣẹ́ lánàá, láti àárọ̀ dé alẹ́? Kí ni ọ̀gá rẹ kọ́kọ́ kọ́ ọ lóṣù àkọ́kọ́? Ṣé wọ́n ń tajà nílé yín kí o tó wọ pólì? Lẹ́yìn náà ni mo tọ àwọn ọ̀gá wọn lọ, mo sì bi àwọn náà ní ìbéèrè kejì yẹn: kí ni ẹ ní láti kọ́ ọmọ yìí tí ẹ rò pé ó yẹ kó ti mọ̀ wá? Nínú gbogbo iṣẹ́ náà, ìbéèrè yìí ló sanwó jù lọ. Bóyá iṣẹ́ wà tàbí kò sí, ilé ẹ̀kọ́ kọ́ ló ń pinnu ìyẹn. Àmọ́ ohun tí ọ̀gá ní láti tún kọ́, kò sẹ́ni tó lè dá ìjọba tàbí ọrọ̀ ajé lẹ́bi fún un.

Ibi tí wọ́n rò pé àwọn ń lọ àti ibi tí wọ́n bá ara wọn jìnnà síra. Nígbà tí wọ́n wà nílé ẹ̀kọ́, báǹkì ni gbogbo wọn ń lọ. Ẹni tí kò bá lọ báǹkì á lọ sí International Breweries, iléeṣẹ́ ọtí tó ti ń pọntí ní Iléṣà láti 1978, tàbí kó lọ síbi ìwakùsà wúrà Segilola lẹ́bàá Ìpéríndó, tí wúrà àkọ́kọ́ ti jáde ní 2021. Iléeṣẹ́ wọ̀nyí wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ibi iṣẹ́ akọ̀wé nínú wọn kò pọ̀, gbogbo Nàìjíríà ló sì ń dù ú. Ibi tí mo ti bá àwọn ọmọ náà ni dépò ọtí àti sìmẹ́ǹtì, ilé ìwé aládàáni, ilé ìwòsàn kékeré, ṣọ́ọ̀bù ìyá wọn, ibùdó POS, àti báǹkì kéékèèké tó ń yáni lówó (microfinance), níbi tí wọ́n ti ń fún ọmọ ní iye owó tó gbọ́dọ̀ wá wọlé lóṣooṣù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àwọn kan ti lọ Èkó. Àwọn kan wà nílé.

Ẹ̀kọ́ tí wọ́n ń kọ́ wọn kò mọ̀ pé ibi wọ̀nyí wà.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ látorí ìwé tí wọ́n ń tà lẹ́nu géètì, ìyẹn nóòtì tí akẹ́kọ̀ọ́ ń dà kọ tí wọ́n sì ń há sórí fún ìdánwò. Mo ra gbogbo rẹ̀, mo jókòó kà á. Nóòtì owó orí sọ pé VAT, ìyẹn owó orí lórí ọjà títà, jẹ́ 5 nínú 100. Bẹ́ẹ̀ ló rí láti 1994, ṣùgbọ́n ó ti di 7.5 láti oṣù kejì 2020. Nóòtì ìṣàkóso òṣìṣẹ́ sọ pé agbanisíṣẹ́ àti òṣìṣẹ́ yóò dá 7.5 ẹnìkọ̀ọ̀kan sí owó ìfẹ̀yìntì. Òfin 2004 nìyẹn. Òfin 2014 ti sọ ọ́ di 10 fún agbanisíṣẹ́ àti 8 fún òṣìṣẹ́. Nóòtì òfin okòwò sọ pé ẹnìkan ṣoṣo kò lè dá kọ́ńpánì sílẹ̀, àfi kí wọ́n jẹ́ méjì ó kéré tán. Láti ìgbà tí CAMA ti 2020, ìyẹn òfin tó ń darí kọ́ńpánì, ti jáde, ẹnìkan ṣoṣo lè dá a. Ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ fún alágbo kan sọ fún mi pé òun fi nóòtì yìí gba ọ̀gá òun nímọ̀ràn. Ọ̀gá náà lọ wá àbúrò rẹ̀ kan tí wọn kò gbọ́ ara wọn yé, ó fi orúkọ rẹ̀ sí kọ́ńpánì torí kí wọ́n lè pé méjì, ẹjọ́ wọn ṣì wà níwájú àwọn àgbà ìdílé títí di òní.

Kì í ṣe pé àwọn olùkọ́ kò mọ̀. Mo bi ẹni tó ń kọ́ owó orí, ó sì sọ iye tó tọ́ fún mi láìrò ó lẹ́ẹ̀mejì. Àmọ́ nóòtì ti wà nílẹ̀, ìbéèrè ìdánwò ti wà nílẹ̀, ìdáhùn tí wọ́n fi ń máàkì ti wà nílẹ̀. Ẹni tó bá yí ọ̀kan padà ní láti yí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Akẹ́kọ̀ọ́ kan sọ fún mi pé òun kọ 7.5 nínú ìdánwò, wọ́n sì fi òdo fún òun. Òfin owó orí tuntun tí Ààrẹ fọwọ́ sí ní oṣù kẹfà 2025, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2026, tún ti sọ apá púpọ̀ nínú nóòtì yẹn di ìtàn. N kò fẹ́ ronú sí ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kọ̀ǹpútà, gbogbo yín ti mọ̀ ọ́n kí n tó sọ ọ́. Kọ̀ǹpútà wà, iná kò sí, epo jẹnẹrétọ̀ wà fún ọjọ́ tí NBTE bá ń bọ̀. Orí pátákó ni wọ́n ti ya Excel fún wọn. Ká kọjá.

Àwọn ọ̀gá ló là mí lóye. Mo rò pé Excel ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá dépò kan tó ń gbé ọtí fún àwọn oníbíà ní gbogbo agbègbè Ìjẹ̀ṣà ní Excel kò jẹ́ nǹkan kan, òun á fi ọ̀sẹ̀ kan kọ́ ọ. Ó gbé ìwé báǹkì rẹ̀ síwájú mi. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ wo eléyìí. Oníbàárà fi owó ránṣẹ́, wọ́n ti yọ 50 náírà lára rẹ̀, torí ó tó 10,000 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òmíràn sanwó ọjà méjì pọ̀. Òmíràn fi orúkọ ọmọ rẹ̀ sanwó. Mo ní kí ọmọ yìí bá mi fi ìwé báǹkì wé ìwé dépò, kó sọ ẹni tó jẹ wá. Ọjọ́ mẹ́ta ló fi wo ìwé náà. Ó wá ní nǹkan tí wọ́n kọ́ àwọn máa ń bára mu." Mo lọ wo nóòtì wọn. Bẹ́ẹ̀ ni. Iye méjìlá, orúkọ tó mọ́ roro, gbogbo rẹ̀ á bára mu ní ìlà tó kẹ́yìn. Wọn kò fún ọmọ náà ní ìwé tó dọ̀tí rí.

Ohun kejì tí àwọn ọ̀gá sọ ni gbèsè. Ọmọ lè kọ ọ́ sílẹ̀ pé lágbájá jẹ 240,000. Kò lè gbé fóònù pe lágbájá. Kò mọ ohun tó máa kọ́kọ́ sọ, kò mọ ìgbà tó yẹ kó le àti ìgbà tó yẹ kó rọ̀, kò mọ̀ pé ẹni tó ń gbé ọjà tuntun lọ́la ni ẹni tó yẹ kó béèrè ti àná lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwòsàn kan sọ bẹ́ẹ̀, onísìmẹ́ǹtì kan náà sọ bẹ́ẹ̀. Iléṣà rèé! Àwọn Òṣómàáló ìlú yìí ti gbé aṣọ àwìn dé gbogbo igun ilẹ̀ Yorùbá kí pólì kankan tó wà, wọ́n á sì lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó á fi jáde. Ọmọ ọmọ wọn ló jókòó sí kíláàsì yìí. Mo wá gbogbo ètò ẹ̀kọ́ ẹ̀ka náà látòkè délẹ̀, n kò rí ibi tí wọ́n ti kọ́ wọn ní bí ènìyàn ṣe ń tajà àwìn, bí ó ṣe ń yan ẹni tó máa gbé ọjà fún, àti bí ó ṣe ń gba owó rẹ̀ láì pàdánù oníbàárà. Wọ́n kọ́ wọn ní bí báǹkì àpapọ̀ ṣe ń darí èlé. Èmi kò ní kí wọ́n má kọ́ ìyẹn. Mo kàn ń sọ èyí tí ọ̀gá dépò lè fi ṣe nǹkan.

Ó wá ku àwọn tó ń ṣe dáadáa, torí wọ́n wà, wọn kò sì kéré. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti le jù fún ìgbìmọ̀. Ọ̀gá àgbà ti kó orúkọ wọn jọ dè mí: eléyìí ti di ọ̀gá àwọn tó ń polówó ọjà ní Èkó, eléyìí ń ra kòkó lọ́wọ́ àwọn àgbẹ̀ ní ìgbèríko, eléyìí ń ṣe ìwé fún ilé ìwé mẹ́ta pọ̀. Mo fi wọ́n wé ìdáhùn wọn sí ìbéèrè mi kẹta. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé gbogbo wọn ló dàgbà sẹ́yìn ọjà. Bàbá èyí tó ń ra kòkó ń ra kòkó kí wọ́n tó bí i. Ìyá èyí tó wà ní Èkó ní ilé oúnjẹ, àtikékeré ló ti ń bá ìyá rẹ̀ ka owó. Nígbà tí olùkọ́ ń sọ nípa owó tó wọlé àti owó tó jáde, àwọn wọ̀nyí ń rí àpò ìyá wọn. Àwọn yòókù ń rí pátákó.

Mo béèrè lọ́wọ́ ìgbìmọ̀ pé ta ni yóò gba ìyìn lórí irú ọmọ bẹ́ẹ̀? Bí ilé ẹ̀kọ́ bá ń ka àṣeyọrí gbogbo ẹni tó gba ọwọ́ rẹ̀ kọjá sí tirẹ̀, ó dà bí ọlọ́kọ̀ tó gbé olówó láti Òṣogbo dé Iléṣà tó wá ní òun ló sọ ọ́ di olówó. Ọ̀nà kan péré ló wà láti mọ ohun tí pólì fi kún ọmọ: ká wo àwọn tí kò sí ọjà nílé wọn, àwọn ọmọ tíṣà, ọmọ awakọ̀, ọmọ àgbẹ̀ tí kì í tajà fúnra rẹ̀. Bí irú wọn bá jáde tí wọ́n sì mọ iṣẹ́, ẹnìkan ló kọ́ wọn.

Mo yẹ orúkọ wọn wò. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ọ̀gá ní láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ fún. Ṣùgbọ́n àwọn mélòó kan wà tí ọ̀gá wọn sọ pé òun kò kọ́ wọn ní ohunkóhun, wọ́n dé, wọ́n jókòó, wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. N kò kọ́kọ́ rí ohun tó so wọ́n pọ̀. Kíláàsì kan náà ni gbogbo wọn, máàkì wọn kò jọra; ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ má yege. Ọmọkùnrin tó fẹ́rẹ̀ẹ́ má yege yìí ló sọ ọ́ láìmọ̀ pé nǹkan pàtàkì lòun ń sọ. Ó ní, "Ṣé ẹ mọ̀ pé èmi wà lára àwọn tí Màámi Alájẹṣẹ́kù kó lọ sọ́jà."

Màámi Alájẹṣẹ́kù jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba tó ti fẹ̀yìn tì, ó ti ṣiṣẹ́ rí lẹ́ka tó ń mójú tó àwọn ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Wákàtí tó bá kọ́ni ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún un, kò sí nínú òṣìṣẹ́ pólì gan-an. Ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ni jẹ́ èyí tó bá wu ọmọ ló ń ṣe, orúkọ rẹ̀ lórí ìwé sì gùn tó bẹ́ẹ̀ tí ọmọ púpọ̀ kì í yàn án. Ohun tó ń ṣe ni pé yóò kó àwọn tó yàn án lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹgbẹ́ obìnrin ọjà, yóò fún méjì méjì ní ìwé ẹgbẹ́ kan, ìwé gidi: owó tí wọ́n dá, owó tí wọ́n yá, èlé, owó ìtanràn, àti ojú ewé tí epo ti dà sí. Kí sáà tó parí, wọ́n gbọ́dọ̀ dúró níwájú ẹgbẹ́ náà lọ́jọ́ ìpàdé kí wọ́n sọ fún ìyá kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá, iye tó ní àti iye tó jẹ. Ìyá tí kò bá gbà yóò dìde. Ọmọ náà á ṣàlàyé. Bí kò bá lè ṣàlàyé, Màámi kì í gbà á sílẹ̀.

Ẹ wo ohun tó wà nínú ìyẹn: ìwé tó dọ̀tí, gbèsè, àti sísọ̀rọ̀ níwájú olówó. Gbogbo ohun tí ọ̀gá dépò ń sunkún sí. Ọdún yẹn gan-an ni ẹ̀ka náà ń gbèrò láti pa ẹ̀kọ́ yìí rẹ́, torí iye àwọn tó ń yàn án kéré, owó ọkọ̀ ọjà sì ń jáde.

Olórí ẹ̀ka kò fara mọ́ gbogbo ohun tí mo kọ, ó sì yẹ kí n gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ síbí bó ṣe sọ ọ́, torí kì í ṣe òmùgọ̀. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ilé ẹ̀kọ́ ni wá, a kì í ṣe ilé ọ̀gá oníṣẹ́ ọwọ́. Bí mo bá kọ́ ọmọ ní iṣẹ́ dépò nìkan, dépò ló máa kú sí. Èyí tó wà ní Èkó yẹn, lẹ́yìn ọdún púpọ̀ ló pè mí pé ẹ̀kọ́ ìpolówó ọjà tí òun rò pé ìsọkúsọ ni, òun ló gbé òun dé ibi tóun wà. Ṣé ìbéèrè oṣù àkọ́kọ́ yín lè rí ìyẹn?" Kò lè rí i. Mo kọ ọ́ sínú ìròyìn pé kò lè rí i. Ohun tí ẹ̀kọ́ ń ṣe fún ènìyàn lẹ́yìn ọdún mẹ́wàá, òṣùwọ̀n ọ̀tọ̀ ló nílò, ẹni tó bá sì fi ìwádìí mi pa gbogbo ẹ̀kọ́ ìmọ̀ jinlẹ̀ rẹ́ kò ka ìròyìn náà dáadáa. Ó tún ní ìjọba fúnra rẹ̀ kò bọ̀wọ̀ fún ìwé àwọn, pé ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi gba oní-HND sí ìpele 07 nínú iṣẹ́ ìjọba tí wọ́n sì gba onídìgírì sí ìpele 08. Òótọ́ ni, ó sì dunni. Àmọ́ kò dáhùn ọ̀rọ̀ VAT.

Ohun kan tún wà tí mo sọ fún àwọn agbanisíṣẹ́ lójú ara wọn. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń kùn pé ọmọ kò mọṣẹ́ kì í san owó tó tó ohun tí òfin sọ, wọn kì í sì í gba akẹ́kọ̀ọ́ tó bá wá ṣiṣẹ́ ọdún kan lọ́dọ̀ wọn sí ìdí ìwé owó. Tíì ni wọ́n ń rán an. Ọmọkùnrin kan lo gbogbo ọdún ìkọ́ṣẹ́ rẹ̀ nídìí ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì. Láti 1973 ni ITF, àjọ ìjọba tó ń mójú tó ìkọ́ṣẹ́, ti gbé ètò ìkọ́ṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ kalẹ̀ pé kí ohun tí wọ́n kà lè bá ọwọ́ mu. Ọ̀gá tó fi ọmọ sídìí fọ́tòkọ́pì fún ọdún kan kò lẹ́nu láti bèèrè ìdí tí ọmọ kò fi mọ ìwé báǹkì.

Ìgbìmọ̀ ka ìròyìn náà, wọ́n sì jà lé e lórí fún àkókò gígùn. Ohun tí wọ́n fẹnu kò sí kò tó ohun tí mo béèrè, ó sì ju ohun tí mo retí lọ. Nọ́ńbà kúrò lójú ìwé ìpolówó. Wọ́n pàṣẹ pé kí olùkọ́ tó ń kọ́ òfin, owó orí àti ìṣàkóso òṣìṣẹ́ máa kọ ọdún tí wọ́n tún nóòtì ṣe gbẹ̀yìn sójú ewé àkọ́kọ́, kí wọ́n sì tún ìbéèrè ìdánwò ṣe pẹ̀lú rẹ̀. Ẹ̀kọ́ Màámi di dandan fún gbogbo ọmọ HND ọdún kìíní, wọ́n sì gbà á síṣẹ́ fún ọdún méjì pẹ̀lú owó oṣù, lẹ́yìn tí ìyá aláṣọ sọ fún wọn pé bí wọn kò bá gbà á, òun á gbà á sí ṣọ́ọ̀bù òun. Wọn kò fọwọ́ sí owó epo jẹnẹrétọ̀. Olórí ẹ̀ka kọ̀ láti fi ọ̀rọ̀ ọjà àwìn kún ètò ẹ̀kọ́, ó ní NBTE kò kọ ọ́ síbẹ̀. Mo ní ohun tí NBTE là sílẹ̀ ni èyí tó kéré jù tí wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́, pé kò sẹ́ni tó dè wọ́n lọ́wọ́ láti fi kún un. Ó ní òun á rò ó.

Ìwádìí ọ̀wọ́ tó tẹ̀ lé e kò ní í pẹ́ bẹ̀rẹ̀, akọ̀wé ẹ̀ka fúnra rẹ̀ ni yóò ṣe é báyìí, pẹ̀lú ìbéèrè mẹ́ta kan náà. Wọ́n ti fi àyè méjì kún fọ́ọ̀mù ìgbàwọlé: nọ́ńbà fóònù ìyá, àti irú iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe nílé.